Ọmọlójú Kan Fẹ̀ Ju Èkejì Lọ

Ọ̀gá káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n. Kì í ṣe pé kò ní téèpù tí wọ́n fi ń wọn pákó. Mẹ́ta ló so mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó nawọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn, á ti gbé pákó sókè, á gbé e ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, á di ojú òsì, á sì fi ọ̀tún wò ó láti ìdí dé orí. Á ní, "Èyí tẹ̀ díẹ̀ láàárín." Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn, kó lọ mú okùn wá. Kò sì sí ọjọ́ kan tí okùn gbè sẹ́yìn oníyàn.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó ga, ó gbẹ, pẹ́ńsùlù kì í sì í kúrò létí rẹ̀, àfi bó bá fẹ́ sùn. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Pálọ̀ ilé wọn lobìnrin náà gbé maṣíìnì ìránṣọ sí, lẹ́bàá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Bí òun ṣe ń wo aṣọ náà ni ọkọ rẹ̀ ń wo pákó: kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ kí ohun kan fi ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ yẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ojú-Ìwọ̀n ń ṣe férémù fèrèsé mẹ́rìnlá fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ Àìkú, lókè ojú òsì, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi àtàǹpàkò tì í láti inú. Ó ti lo oògùn orí fífọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbé pákó kan sókè, ó di ojú òsì bó ṣe máa ń ṣe, ó wò ó títí dé orí, ó ní, "Ó dára." Ó gbé pákó náà sílẹ̀. Ó fẹ́ la ojú òsì. Ojú òsì kò là.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí, ó ń fi ọ̀dà pa ilẹ̀kùn kan. Pólíìṣì ni wọ́n ń pe ìyẹn, kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ọlọ́pàá, bí kò ṣe torí pé òun ló ń kun gbogbo ohun tí ọ̀gá bá kàn kó fi máa dán. Ó rí ọ̀gá tó dúró gbagidi pẹ̀lú ojú kan ní dídì.

"Ọ̀gá, ẹ ti gbé pákó yẹn sílẹ̀ tipẹ́," ó ní. "Kí lẹ tún ń wọ̀n? Ṣé èmi ni?"

"Ojú yìí kò là."

"Ẹ là á."

"Ohun tí mo ń sọ fún ẹ náà nìyẹn. Mo ń là á, kò là."

Ojú-Ìwọ̀n fi ìka gbé ìpéǹpéjú náà sókè. Lójú ẹsẹ̀ ni Pólíìṣì di méjì níwájú rẹ̀, ọ̀kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó sì fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Ilẹ̀kùn di méjì. Gọ́ọ̀mù di agolo méjì. Ó jẹ́ kí ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì padà di ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Mo rí ọ ní méjì," ó ní.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹyọ kan gan-an ti pọ̀ jù," ni Pólíìṣì dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò dé ojú rẹ̀. Ó bomi wá, wọ́n fọ ojú náà, bóyá lẹ́búlẹ́bú pákó ni. Kò yí padà. Pólíìṣì bá ní kí ọ̀gá rẹ́rìn-ín kí òun rí eyín rẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó sọ orúkọ gbogbo irin iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì, torí rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹnu kò wọ́, ọwọ́ kò rẹ̀, ahọ́n kò lọ́. Ojú nìkan ni. Pólíìṣì ti ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọ̀gá lọ sílé.

Nígbà tí ìyàwó gbójú sókè lórí maṣíìnì, ó ní, "Bàbá wọn, ta ló lù yín?"

"Kò sẹ́ni tó lù mí. Bóyá oorun ni. Bí mo bá sùn díẹ̀, á là."

"Oorun tó mú ojú kan tó fi èkejì sílẹ̀?" Ó ti dìde, ó ti ń wá bàtà. "Ojú tó ń ṣepin, ojú náà là á fi hàn. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni dókítà ojú náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta férémù awò. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni tó máa tó ọmọ ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi Ojú-Ìwọ̀n jókòó sórí àga gíga, ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú òsì sókè, ó na ìka kan síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí orí. Ojú nìkan ni kí ẹ fi máa tẹ̀ lé ìka mi."

Ó gbé ìka lọ sí òsì, ojú méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó gbé e lọ sí ọ̀tún: ojú ọ̀tún lọ, ti òsì rìn díẹ̀, ó sì dúró láàárín bí ẹṣin tó kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé e sókè: ọ̀tún gòkè, òsì kò mira tó. Ìyàwó télọ̀ dúró lẹ́yìn dókítà, ó ń wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni òun àti ojú méjì yìí ti jọ ń gbé. Kò mọ̀ pé ojú méjì lè ya ọ̀nà lára èèyàn kan ṣoṣo.

Dókítà pa iná yàrá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ojú ọ̀tún, ó tan án sí òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ọmọlójú méjèèjì ń sún kì bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà wọ́n.

"Wọ́n dọ́gba," ó ní, ó sì mí kanlẹ̀.

"Dókítà, kí ló ṣe é?" ìyàwó béèrè.

Dókítà tan iná padà, ó fa àga kan, ó jókòó kọjú sí wọn. "Okùn iṣan méjìlá ló ti ọpọlọ jáde sí apá kọ̀ọ̀kan orí wa. Ẹ̀kẹta ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lápá òsì bàbá. Ẹran kéékèèké mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kan. Okùn kẹta yìí nìkan ló ń darí mẹ́rin nínú wọn. Òun náà ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Òun náà ló ń sọ fún ọmọlójú pé kó sún kì bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀. Bó bá ti dákẹ́, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ẹran méjì tó kù á sì máa fa ojú lọ sí apá etí."

"Okùn kan ló ń ṣe gbogbo ìyẹn?" ni Ojú-Ìwọ̀n béèrè. "Báwo ló ṣe nípọn tó?"

"Kò ju ìṣó tín-ín-rín lọ, bàbá."

Káfíńtà fi ìka kan ìpéǹpéjú náà. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló ti ń lajú láràárọ̀, kò sì béèrè rí pé ta ló ń bá òun là á.

Dókítà béèrè ìbéèrè púpọ̀. Ṣé ó fi orí gbá nǹkan? Ṣé ó ṣubú? Ṣé ibà ń ṣe é, ṣé ọrùn rẹ̀ le? Ṣé ó ti ń rù láìnídìí? Rárá ni gbogbo ìdáhùn, àfi ìgbà tó dé orí ẹ̀fọ́rí, tí Ojú-Ìwọ̀n wo ilẹ̀ kó tó ní ó ti di ọjọ́ kẹta. Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sí i; ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń dúró dè é nílé. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n gún un níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Méjèèjì fi díẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ.

"Ohun méjì ló wà lọ́kàn mi," ni dókítà sọ. "Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó ń bọ́ okùn yẹn, ebi á sì pa á. Bó bá jẹ́ ebi ni, ká tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà, láàárín oṣù mẹ́ta okùn náà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ okùn náà kọjá nínú orí. Bí ìyẹn bá wú, á máa tẹ okùn náà. Èyí tó wú yẹn lè bẹ́. Òun ni mò ń bẹ̀rù."

"Ta ló máa wọ inú orí lọ wo èyí tó jẹ́?"

"Ọmọlójú ló kọ́kọ́ máa ń ta wá lólobó." Dókítà nawọ́. "Bàbá, ẹ yá mi ní pẹ́ńsùlù etí yín." Ó gbà á, ó fi han àwọn méjèèjì. "Ẹ wo ọ̀dà pupa ara rẹ̀, ẹ wo igi inú rẹ̀. Àwọn fọ́nrán tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọlójú, ara òde okùn ni wọ́n ń tọ̀, bí ọ̀dà yìí. Èyí tó ń gbé ìpéǹpéjú, èyí tó ń yí ojú, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà…"

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ojú-Ìwọ̀n ti fò dìde lórí àga. "Ó yé mi! Dókítà, ó yé mi! Èèpo igi nìyẹn. Ikán tó bá wọ igi, inú ló ń jẹ, èèpo á dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n okùn ewúrẹ́ tí wọ́n bá so mọ́ igi lára, èèpo ló kọ́kọ́ ń gé."

Dókítà wò ó, ó yanu díẹ̀. "Bàbá, odindi ọdún kan ni mo fi kọ́ ohun tí ẹ sọ yìí. Ebi ni ikán yẹn, òpó tó wú ni okùn ewúrẹ́."

"Èèpo wá ńkọ́ báyìí?"

"Èèpo ṣì dúró. Bóyá ebi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo okùn náà kò tíì dákẹ́ tán, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀fọ́rí yẹn, torí náà ọkàn mi kò lè balẹ̀ láìrí àwòrán. Nígbà tí wọ́n ń wọn ṣúgà yín, mo ti pe ilé ìwòsàn ńlá. Ọjọ́ Ajé ni àyè kọ́kọ́ ṣí lórí ẹ̀rọ wọn." Ó kọjú sí ìyàwó. "Ìyá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ gbé ìpéǹpéjú yìí sókè, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ọmọlójú méjèèjì. Bí ti òsì bá fi ohun tí kò tó nǹkan fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Tàbí bí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n la nǹkan mọ́ lórí. Ẹ má jẹun. Ẹ má wẹ̀. Ẹ máa bọ̀."

Báyìí ni télọ̀ ṣe di ẹni tó ń wọn ọmọlójú. Kò gbẹ́kẹ̀ lé "ó dà bí ẹni pé." Ó tú agolo píìnì rẹ̀ dà sórí tábìlì, ó ṣa àwọn tó ní orí dúdú róbótó, ó tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, márùn-ún, ó gún wọn mọ́ra lórí páálí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á fi ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, á sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà. Láàárín àyà obìnrin kan àti gígùn apá ọkùnrin kan, ó kọ ọ́ pé: Ọjọ́rú, àárọ̀, ọ̀tún píìnì kejì, òsì píìnì kejì.

Ọjọ́rú nírọ̀lẹ́, wọ́n dọ́gba. Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀, wọ́n dọ́gba. Bó ṣe ń wo òkùnkùn kékeré méjì yẹn tó ń sún kì tó sì ń fẹ̀, ohun kan mú un tí kò rí orúkọ fún. Ó ti fi ojú yìí mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń bínú, ó ti fi mọ ìgbà tó ń purọ́ pé òun ti jẹun. Àṣé ẹnu ọ̀nà ni. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń gba ibẹ̀ yọjú sí i láti ọjọ́ yìí wá.

"Ìyá wọn, o ti wò ó tó," ọkọ rẹ̀ ní. "Àbí o fẹ́ bá mi rán kọ́là sí i ni?"

"Ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣẹ́jú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ojú-Ìwọ̀n ti múra. Ó ti fi aṣọ di ojú òsì bí àwọn tó ń jalè lójú omi, torí ó ní férémù méjì péré ló kù, òun á sì fi ojú kan parí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tú aṣọ náà. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀tún, píìnì kejì. Ó gbé páálí lọ sí òsì. Ó gbé e kúrò, ó nu ojú ara rẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọlójú òsì kò mira. Ó kàn ń wò ó bọ̀, ó là sílẹ̀ gbayawu.

Píìnì kẹrin.

"Ẹ bọ́ bàtà iṣẹ́ yẹn," ó ní. "A ń lọ."

"Férémù méjì ló kù…"

"Kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ wọlé! Bàbá wọn, ó ti fẹ̀."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́, lọ́ra lọ́ra: "Èèpo ti ń gé nìyẹn. Òde ló ti ń mú un."

Dókítà ojú wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kò pé tó ti mú fóònù. Ìyàwó na ìwé ìwọ̀n sí i. Ó ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, ó sì ń kà á lọ: ọjọ́, àkókò, ọ̀tún, òsì. Nígbà tó dé ìlà ìgbẹ̀yìn, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Rárá, kì í ṣe ọjọ́ Ajé mọ́. Nísinsìnyí. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n." Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wá gbé wọn nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀rọ àwòrán náà rí bí táyà ńlá tí wọ́n gbé dúró. Wọ́n tẹ́ Ojú-Ìwọ̀n sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ lápá, ooru kan sì la gbogbo ara rẹ̀ já láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Táyà ń kùn, bẹ́ẹ̀dì ń wọlé ó ń jáde, ó parí. Kò ju ìgbà téèyàn fi máa pọ́n pẹ́ńsùlù méjì lọ.

Oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ló pè wọ́n wọ yàrá kan tí ògiri rẹ̀ kún fún ojú kọ̀ǹpútà. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, ìka rẹ̀ sì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ nǹkan kan, àwòrán sì jáde.

Igi ni Ojú-Ìwọ̀n kọ́kọ́ rò pé òun rí. Igi funfun kan nínú òkùnkùn, tó ta ẹ̀ka sí ọ̀tún, tó ta sí òsì, ẹ̀ka náà tún ta ẹ̀ka, títí wọ́n fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Oníṣẹ́-abẹ fi ìka gbá a kiri, igi náà sì ń yí bí ẹni pé ó wà lórí àwo.

"Orí ta ni?" Ojú-Ìwọ̀n béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Orí yín ni, bàbá. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ nìyẹn."

Ìyàwó di apá ọkọ rẹ̀ mú. Gbogbo igi tí Ojú-Ìwọ̀n ti là, tó ti fá, tó ti kàn láti ọgbọ̀n ọdún, kò rí èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe rẹ́gí tó báyìí rí, inú òun fúnra rẹ̀ ló sì wà, ó ń gbé e kiri, ó ń fi òòlù kan ìṣó lábẹ́ rẹ̀.

Oníṣẹ́-abẹ yí igi náà díẹ̀ sí i, ó sì fọwọ́ kan ibì kan tí ẹ̀ka ti yà. Nǹkan róbótó kan yọ gọngọ níbẹ̀, bí ibi tí tíúbù kẹ̀kẹ́ ti fẹ́lẹ́ tó sì wú. "Ohun tó ń tẹ okùn kẹta nìyí. Bó ṣe ń tóbi sí i ló ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Ohun tí ìyá rí láàárọ̀ yìí, èyí ló rí. Ó fi orí píìnì rí ohun tí ẹ̀rọ wa wá ń fi hàn wá."

Télọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Bí a bá fi sílẹ̀, ó lè bẹ́ lọ́la, ó lè bẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ kì í padà dé ọ̀dọ̀ wa láàyè. Bí a bá ṣiṣẹ́ sí i, iṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Nínú ogún èèyàn, ó lè yíwọ́ fún ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá mi ló jókòó níbi tí ẹ jókòó sí yìí, àárọ̀ ọ̀la ni màá ṣe é."

"Báwo lẹ ṣe máa débẹ̀?"

"Màá ṣí ojú ihò kékeré kan lára egungun, lẹ́bàá ẹ̀bátí. Màá gba abẹ́ ọpọlọ wọlé, màá fi ohun kan tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ mọ́ okùn ìsáṣọ di ọrùn ohun tó wú yìí."

"Egungun? Kí lẹ fi ń ṣí i?"

"A máa ń lu ihò sí i, a ó wá fi ayùn gé e."

Ojú-Ìwọ̀n na ẹ̀yìn tààrà lórí àga. "Ẹ̀yin náà ń lo ayùn?"

"Káfíńtà ni mí náà, bàbá. Pákó mi ló yàtọ̀."

"Bí ẹ bá gé e tán ńkọ́, ṣé ẹ máa ń dá a padà?"

"A máa ń dá a padà. A ó fi irin pẹlẹbẹ kéékèèké àti ìṣó onílọ́ tí kò tó ìrẹsì mú un pa pọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ojúko gan-an ni kí ẹ dá a padà sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò mí láyé kí wọ́n ní férémù mi wọ́."

Oníṣẹ́-abẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò. Ojú-Ìwọ̀n náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé tirẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e wọlé. Ìyàwó mú aṣọ oníbàárà kan dání, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Ó jókòó sórí àga onírin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Pólíìṣì jókòó tì í. Ó ń gán etí aṣọ, ó ń gán an, kò gbójú sókè fún wákàtí márùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí oníṣẹ́-abẹ jáde, tó sì ní, "Ìyá, ó ti parí, ó dáa," ó fẹ́ dìde, kò lè dìde dáadáa: ó ti rán aṣọ oníbàárà mọ́ yẹ̀rì tó wọ̀. Pólíìṣì ló bá a fi eyín já òwú náà, omijé ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú.

Bí Ojú-Ìwọ̀n ti jí, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ sí i létí. "Bàbá wọn, ta ni mí?"

Ó fi ojú kan wò ó. "Ẹni tó ń gún mi ní píìnì."

Ẹ̀fọ́rí lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ojú òsì ṣì ń sùn. Oníṣẹ́-abẹ ti kìlọ̀ pé okùn iṣan tí nǹkan tẹ̀ kì í yára. Bí ìgbà téèyàn fẹsẹ̀ lé koríko fún ìgbà pípẹ́ ni, a kò lè bú koríko pé kó dìde. Télọ̀ kò dá wíwọ̀n dúró. Láràárọ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Ọjọ́ kejìlá, ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé kejì fi sáré wọlé: ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ti yọ láàárín ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀, kò nípọn ju òwú lọ. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹfà, ojú náà ti là dé ìdajì. Ìgbà náà ni rírí ní méjìméjì wá tó pọ́n ọn lójú gan-an, torí kò sí ìpéǹpéjú tó máa bo èkejì mọ́. Ó ń fi aṣọ dí i. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù lóṣù kẹta, ó ń nawọ́ sí ìṣó, ọwọ́ rẹ̀ ń já sófo. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Pólíìṣì ló bá a kan férémù méjì tó kù, ó sì kàn án wọ́. Ojú-Ìwọ̀n tú wọn, ó tún wọn kàn, ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Lóṣù keje, ó padà lọ rí dókítà ojú, òun nìkan, torí ìyàwó rẹ̀ ní aṣọ láti kó fún oníbàárà lójú pópó kejì. Ojú òsì ti là tán. Ó ń lọ sí imú, ó ń gòkè díẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ ṣì fi díẹ̀ fẹ̀ ju èkejì lọ, dókítà sì ní ó ṣeé ṣe kó máa wà bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kó tẹ̀ lé ìka òun sísàlẹ̀. Ó tẹ̀ lé e. Lójijì ni dókítà pariwo.

"Bàbá, ẹ tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe. Bí ẹyinjú òsì ṣe ń wálẹ̀, ìpéǹpéjú òsì ń gòkè.

"Kí ló tún dé?" ó béèrè, ẹ̀rù ti ń bà á.

"Kò léwu. Ẹ jókòó." Ojú dókítà ń dán. "Nígbà tí okùn yẹn fara pa, ọ̀pọ̀ fọ́nrán inú rẹ̀ já. Wọ́n tún hù, bàbá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń hù lójoojúmọ́, nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń wá ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti délé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣìnà. Àwọn tó yẹ kó máa fa ojú wálẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ìpéǹpéjú, ìpéǹpéjú sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí ọpọlọ yín bá ti wá pàṣẹ pé kí ojú wálẹ̀, ìpéǹpéjú náà á gbọ́, á ní òun ni wọ́n ń bá wí."

Káfíńtà jókòó síbẹ̀. Ó ro ti gbogbo oṣù méje yẹn, tó ń jẹun, tó ń sùn, tó ń bínú sí Pólíìṣì, tí àwọn tí kò mọ̀ lórúkọ ń rìn nínú òkùnkùn orí rẹ̀, tí wọ́n ń wá ojú rẹ̀. Kò rán wọn níṣẹ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ti jáde.

"Wọn ò mọ̀nà," ó ní níkẹyìn, "wọ́n sì ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é lójú pópó, àpò aṣọ tó ti ṣófo wà lábíyá rẹ̀. "Kí ni dókítà wí?"

Ó gbìyànjú láti sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán, kò yé ìyàwó. Ló bá ní, "Wo ojú mi," ó sì wo bàtà ara rẹ̀. Ìpéǹpéjú òsì gòkè bí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá lójijì. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kó tún wo bàtà. Ó tún wò ó. Ẹ̀rín gbé àwọn méjèèjì, wọ́n di ara wọn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, títí ọkùnrin kan tó ń kọjá fi dúró, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí wàhálà o?" Ojú-Ìwọ̀n fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀rín kò jẹ́. Ó kàn na ìka sí bàtà.